Mint, Zorin, Ubuntu àbí ChromeOS Flex: èwo ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò Windows lórí kọ̀ǹpútà ilé yín?

Ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ lórí Windows 10. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà tó ń lò ó kú lọ́jọ́ yẹn o, ó ṣì ń tàn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ihò tí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí nínú ẹ̀ látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa dí i mọ́, àfi fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan tí wọ́n là sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ní kẹ́ ẹ bọ́ sórí Windows 11, òun náà ní ohun tó ń béèrè: chip ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4 GB, àyè 64 GB, àti processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) tí ò gbọdọ̀ ti pẹ́ jù, tó bá jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ sókè ni wọ́n sábà ń gbà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015, tí ojú ẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ kedere, tí kò sí bọ́tìnnì kan tó yọ lára kíbọ́ọ̀dù ẹ̀, wọ́n á ní kò yẹ. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí pé ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ó ti kú. Kò kú o. OS tó wà lórí ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, ni wọ́n pa tì.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kẹ́ni tí ò ráyè ka gbogbo ẹ̀ lè rí nǹkan mú lọ. Tí ẹ̀rọ yín bá ní RAM 4 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ ò sì lo nǹkan míì rí yàtọ̀ sí Windows, Linux Mint ni kẹ́ ẹ gbé, èyí tí wọ́n ń pè ní Cinnamon. Tó bá jẹ́ pé ẹwà ló ń wù yín jù, tí RAM yín sì tó 8 GB, Zorin OS dáa. Ubuntu náà dáa àmọ́ ó máa gba pé kẹ́ ẹ kọ́ ìrìn tuntun. ChromeOS Flex, ẹni tí gbogbo ayé ẹ̀ wà nínú bíráúsà nìkan ni mo lè gbé e fún. Ìdí tí mo fi tò wọ́n báyìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ohun tó wà nílé tèmi lè má rí bákan náà pẹ̀lú tiyín.

Ẹ́ńjìnnì kan, bọ́dì oríṣiríṣi

Ohun tó ń dojú rú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ tó pọ̀ yìí. Linux fúnra ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1991 nígbà tó ṣì ń kàwé ní Helsinki ní Finland, ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé rí bó ṣe kọ ọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lè tún un ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ oríṣiríṣi wá mú ẹ́ńjìnnì yẹn, oníkálukú kan bọ́dì tiẹ̀ sí i, ó to àga sínú ẹ̀ bó ṣe wù ú, ó kùn ún ní ọ̀dà tó fẹ́, ó sọ ọ́ lórúkọ. Mint, Zorin, Ubuntu, Fedora, bọ́dì ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá ẹnikẹ́ni jà lórí èwo ló ń sáré jù nínú wọn, ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí àti ibi tí ọwọ́ yín ti máa kan sítíárìn ló ṣe pàtàkì.

Nǹkan kan tún wà. Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, free, pe ohun méjì tí Yorùbá ti yà sọ́tọ̀ tipẹ́: ọ̀fẹ́ àti òmìnira. Gbogbo àwọn tá a fẹ́ fi wéra níbí lọ̀fẹ́, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ láti fi wọ́n sórí ẹ̀rọ yín. Àmọ́ òmìnira tó wà nínú Mint àti Ubuntu, kò sí nínú ChromeOS Flex tó bẹ́ẹ̀, torí ti Google nìyẹn, kì í fẹ́ dá nǹkan púpọ̀ ṣe tẹ́ ẹ ò bá fi àkáǹtì Google wọlé. Ó lè má jọ yín lójú báyìí, ẹ máa rántí ẹ̀ lọ́jọ́ tí páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì yẹn bá sọnù.

Ẹ wo ẹ̀rọ yín ná

Kẹ́ ẹ tó mú ohunkóhun, nígbà tí Windows ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager á jáde, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Performance sí, ẹ tẹ Memory, ẹ máa rí iye RAM yín lápá òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ tún tẹ Disk, ẹ wò ó bóyá SSD ni wọ́n kọ sí i àbí HDD. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ SSD àti HDD yìí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, torí ọ̀pọ̀ ló ń dá OS lẹ́bi ohun tí dísìkì ṣe. HDD, irin tó ń yí po ló wà nínú ẹ̀, abẹ́rẹ́ kan á máa wá fáìlì kiri lórí ẹ̀, ẹ máa ń gbọ́ ariwo kékeré kẹ́kẹ́kẹ́ yẹn. SSD ò ní nǹkan tó ń yí. Tẹ́ ẹ bá fi Mint sórí HDD ó máa yára ju Windows 10 lọ díẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ HDD yẹn tẹ́ ẹ fi SSD kékeré sí i kẹ́ ẹ tó fi Mint lé e, ẹ máa rò pé ẹ̀rọ míì ni. Mi ò tíì rí OS kankan, ìbáà fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, tó lè ṣe ohun tí pààrọ̀ dísìkì máa ń ṣe fún láptọ́ọ̀pù tó ti dàgbà.

Mint àti Zorin: ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n

Orí Ubuntu ni wọ́n kọ́ àwọn méjèèjì lé. Torí náà tẹ́ ẹ bá tú inú wọn wò, ohun kan náà lẹ máa bá, píríńtà tó bá gbọ́ ti ọ̀kan á gbọ́ ti èkejì, ápù tó bá wọ ọ̀kan á wọ èkejì, ìdáhùn tẹ́ ẹ bá sì rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún Ubuntu, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá á bá àwọn méjèèjì mu. Ọdún 2006 ni Mint jáde, Clement Lefebvre ló dá a sílẹ̀, òun ló ṣì ń darí ẹ̀. Zorin jáde lọ́dún 2009, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan ní Ireland ló ṣe é, Artyom àti Kyrill Zorin, nígbà tí wọ́n ṣì kéré.

Mint ò ní ìṣekárími. Ẹ tàn án, ẹ máa rí pẹpẹ gbọọrọ nísàlẹ̀, menu wà lápá òsì nísàlẹ̀, aago wà lápá ọ̀tún, fáìlì tẹ́ ẹ bá ṣí á jókòó sórí pẹpẹ yẹn kẹ́ ẹ lè rí i. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó lo Windows 7 rí, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọ. Lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ níbẹ̀, apata kékeré kan wà, tí update bá dé àmì á hàn lára ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá wù yín, kì í pa ẹ̀rọ mọ́ yín lójú kó ní òun ń ṣe update nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó tún jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni Timeshift, tó ti wà nínú ẹ̀ látilẹ̀: ó máa ń ya àwòrán gbogbo ètò inú ẹ̀rọ pa mọ́, tẹ́ ẹ bá wá fọwọ́ kan ohun tí ò yẹ lọ́la tí nǹkan dojú rú, ẹ lè padà sí bó ṣe wà lánàá. Ẹ ṣọ́ra o, ètò OS nìkan ló ń tọ́jú, kì í tọ́jú fọ́tò àti lẹ́tà yín àyàfi tẹ́ ẹ bá sọ fún un, torí náà kò rọ́pò háàdì dísìkì ọ̀tọ̀ tẹ́ ẹ ń kó nǹkan yín sí.

Zorin ní tiẹ̀, ó rẹwà, mi ò lè purọ́. Ẹ máa mọ̀ pé ẹnì kan jókòó ti àwọ̀ àti igun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ápù kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ Zorin Appearance, ibẹ̀ lẹ ti lè mú kó jọ Windows ayé àtijọ́ tàbí tuntun, ẹ kàn tẹ àwòrán tó wù yín ni, ó yí padà lójú ẹsẹ̀. Ó tún ní ọgbọ́n kan tí Mint ò ní: tẹ́ ẹ bá tẹ fáìlì .exe tẹ́ ẹ gbé wá láti Windows, kò ní kàn dákẹ́ sí yín, á sọ fún yín bóyá ápù yẹn ní ti Linux tó dáa jù, tàbí kó ní kẹ́ ẹ fi ètò tó ń gbé ápù Windows sí i. Fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ .exe láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìtọ́sọ́nà ńlá nìyẹn. Zorin Connect tún so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà lórí Wi-Fi kan náà, tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì bá wọlé ẹ máa rí i lójú kọ̀ǹpútà. Mint ní Warpinator fún fífi fáìlì ránṣẹ́ láàárín ẹ̀rọ, ìyẹn ò gba mẹ́sẹ́ẹ̀jì ní tiẹ̀, fáìlì nìkan.

Kí ló wá dé tí mo fi Mint ṣáájú? Ìwọ̀n ni. Ẹwà Zorin ní ẹrù tó ń gbé. Orí láptọ́ọ̀pù 4 GB kan náà, tó ní HDD, ni mo ti dán àwọn méjèèjì wò, tí mo bá tẹ menu Zorin mo máa ń dúró díẹ̀ kó tó jáde, tí mo bá sì ṣí bíráúsà pẹ̀lú ojú ewé mẹ́rin márùn-ún, ìrìn ẹ̀ á di ti ẹni tó gbé omi. Mint Cinnamon fara dà á. Mint Xfce, àbúrò rẹ̀ tó fúyẹ́ jù, kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Lórí ẹ̀rọ 8 GB tó ní SSD mi ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn mọ́, níbẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ̀lé ojú yín.

Ẹ̀yà Zorin kan wà tó ń jẹ́ Pro tí wọ́n ń san owó lé lórí. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, Core ni ọ̀fẹ́, kò sì sí ohun tí kọ̀ǹpútà ilé nílò tí ò sí nínú Core, ẹwà tó pọ̀ sí i ló pọ̀ jù nínú Pro. Mint 22 àti Zorin 18, méjèèjì ló máa gba àtúnṣe ààbò títí di ọdún 2029.

Ubuntu, baba wọn

Ẹ lè bi mí pé tó bá jẹ́ orí Ubuntu ni wọ́n kọ́ àwọn méjèèjì lé, ṣé kò dáa ká kúkú lọ bá baba fúnra ẹ̀? Ìbéèrè tó dáa ni. Mark Shuttleworth ti South Africa ló dá a sílẹ̀, ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní October 2004, ilé iṣẹ́ Canonical ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tí ẹni tó ń lò ó nílé gbọ́dọ̀ mú ni LTS, tó máa ń jáde ní oṣù April lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, wọ́n á sì máa tọ́jú ẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún Ubuntu Pro, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹ̀rọ márùn-ún ti ara ẹni, ó di ọdún mẹ́wàá. Kò sí ìkankan nínú àwọn yòókù tó fún yín ní ọdún tó tó bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe rí lójú ni wàhálà. Mo fi Ubuntu sórí ẹ̀rọ fún àǹtí mi kan, àbúrò ìyá mi, mo rò pé mò ń ṣe wọ́n lóore. Wọ́n ń tẹ lẹ́tà, wọ́n fi máòsì tẹ àmì tó máa ń gbé nǹkan wálẹ̀ kí wọ́n lè wo fọ́tò kan, lẹ́tà yẹn lọ, wọn ò rí i mọ́. "Níbo ni lẹ́tà mi wọlẹ̀ sí?" Mo ní "Àǹtí, ó wà lápá òsì níbẹ̀, lára àwọn àmì tó tò lóròó yẹn, ẹ wo èyí tó ní tóótóó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́." Wọ́n wò ó títí. Tóótóó yẹn kéré débi pé mo ní láti fi ìka tọ́ka sí i lójú ẹ̀rọ. Wọ́n ti fi ogún ọdún wo ìsàlẹ̀ fún fáìlì wọn, èmi wá ní kí wọ́n máa wo ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo yọ ọ́, mo fi Mint sí i, wọn ò pè mí lórí ọ̀rọ̀ lẹ́tà tó sọnù mọ́. Ọ̀dọ́ tó ti ń lo fóònù látilẹ̀, Ubuntu ò ní ṣe é ní nǹkan kan, á mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ kan.

Ohun kejì ni snap, ọ̀nà tí Ubuntu ń gbà kó ápù wọlé. Nínú àwọn LTS, láti Ubuntu 22.04 ni Firefox fúnra ẹ̀ ti ń wá gẹ́gẹ́ bíi snap. Lórí SSD ẹ ò ní mọ̀, lórí HDD tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ tẹ́ ẹ tẹ Firefox, ẹ lè rò pé ẹ ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mint yọ snap kúrò látilẹ̀, Flatpak ló ń lò dípò ẹ̀. Àwọn èèyàn ń jà lórí eléyìí bí ẹni ń jà lórí ilẹ̀, kò sí ohun tó kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ju pé kó mọ èyí tó ń pẹ́ ṣí lórí ẹ̀rọ ẹ̀.

ChromeOS Flex

Google gbé e jáde lọ́dún 2022 fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, RAM 4 GB àti àyè 16 GB ló ń béèrè. Ó ń yára tàn, ó ń ṣe update fúnra ẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ṣòro láti bà jẹ́. Òbí àgbà tó jẹ́ pé YouTube, email, ìròyìn àti ìpè fídíò lórí bíráúsà ni gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe, tí ẹ ò sì sí nítòsí láti máa bá wọn tún nǹkan ṣe, mo lè fi ọkàn kan gbé e fún wọn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ápù Android máa wọ inú ẹ̀ bíi ti Chromebook. Kì í wọ̀ ọ́, kò sí Play Store nínú Flex. Kì í sì í gbé pẹ̀lú Windows lórí dísìkì kan náà, tẹ́ ẹ bá ní kó wọlé, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa nù. Tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá sì jẹ́ irú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ máa jókòó ti ẹ̀rọ tí ò lè ṣe nǹkan púpọ̀ fún yín, nígbà tí Mint á ṣí LibreOffice àti fídíò yín láì bi ẹnikẹ́ni.

Àwọn ẹ̀rọ tó ti gbó gan-an

RAM 2 GB: Mint Xfce tàbí Lubuntu. Lubuntu fúyẹ́ jù, ojú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ẹ mọ̀ pé OS máa fúyẹ́, ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ayé òde òní ò ní fúyẹ́, torí náà ẹ má ṣí ju méjì mẹ́ta lọ pọ̀. Tí ẹ̀rọ bá jẹ́ 32-bit, irú ti àtijọ́, ẹ máa rí i nínú Settings, System, About níbi tí wọ́n kọ System type sí, Mint ti pa ìyẹn tì látìgbà Mint 20 lọ́dún 2020, Ubuntu àti Zorin tuntun náà ò gbà á, antiX 23, Linux míì, ṣì ní ẹ̀dà tiẹ̀. Ní ti Fedora, OS tó dáa ni, àmọ́ ẹ̀dà tuntun ń jáde lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì lò ju nǹkan bí oṣù mẹ́tàlá lọ kí wọ́n tó dá a dúró, ìyẹn ti yá jù fún ẹni tó kàn fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ronú lé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, torí kò sí OS nínú gbogbo wọn tó lè yanjú ẹ̀. Microsoft Office tí wọ́n ń fi sórí ẹ̀rọ ò ní ẹ̀dà Linux, Photoshop ò ní. Ẹ lè lo Office ti orí bíráúsà, tàbí LibreOffice tó máa ń wà nínú Mint látilẹ̀, ó ń ṣí docx àti xlsx, ìyẹn fáìlì Word àti Excel. Lẹ́tà lásán, ó ń ṣí i dáadáa. CV tó ní àpótí àti àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ó lè yẹ̀ díẹ̀. Excel tó ní macro (àṣẹ tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú fáìlì) tí ẹnì kan kọ síbi iṣẹ́, ẹ má gbára lé e pé ó máa ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá kọ nǹkan tán tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ rántí mú docx tàbí PDF nígbà tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú ẹ̀, torí odt ló máa ń mú fúnra ẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí á máa bi yín pé kí lèyí.

Zoom ní ẹ̀dà Linux. VLC tẹ́ ẹ fi ń wo fídíò, òun náà ló wà níbẹ̀. WhatsApp, ẹ lò ó lórí bíráúsà. Píríńtà tí ò ju ọdún mélòó kan lọ, tó ń tẹ̀wé láti fóònù lórí Wi-Fi, ọ̀pọ̀ wọn lẹ máa rí pé ó ti hàn fúnra ẹ̀ láì fi nǹkan kan sí i. Gémù: Steam, ọjà gémù orí kọ̀ǹpútà, ń gbé ọ̀pọ̀ gémù Windows lórí Linux nípasẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ Proton, àmọ́ Fortnite àti Valorant ò ní wọlé torí ètò tí wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn oníjìbìtì nínú gémù. Tí ọmọ kan bá wà nílé tó ń ta Fortnite lórí ẹ̀rọ yẹn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó yọ Windows. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá náà wà nínú Mint, Zorin àti Ubuntu, ẹ wá a níbi tí wọ́n ti ń yan kíbọ́ọ̀dù nínú Settings.

Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó gbé e mì

Ohun tí Linux fi ju Windows lọ fún ẹni tó ń ṣiyè méjì ni pé ẹ lè lò ó láti orí fíláàṣì láì fọwọ́ kan dísìkì yín rárá. Fíláàṣì 8 GB tó fún Mint, ẹ kó ohun tó wà lórí ẹ̀ kúrò torí ó máa nù. Ẹ dáńlóòdù fáìlì ISO, tí gbogbo OS náà wà nínú ẹ̀, láti ojú ewé àwọn tó ṣe é fúnra wọn, ẹ fi ápù Rufus tàbí balenaEtcher kọ ọ́ sórí fíláàṣì, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tàn án padà kẹ́ ẹ máa tẹ F12 léraléra, lórí àwọn ẹ̀rọ míì F9 tàbí Esc ni. Ẹ yan fíláàṣì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ Mint á ṣí.

Ẹ má fi ìyára ẹ̀ níbẹ̀ dá a lẹ́jọ́, fíláàṣì ò lè sáré bíi dísìkì. Ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò ni Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà, bọ́tìnnì tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, kẹ́ ẹ sì pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé kẹ́ ẹ tún ṣí i, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó jí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí dán wò, òun ló sì máa ń bí èèyàn nínú jù tí ò bá ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbé Mint fún àǹtí mi, níbi tó yẹ kí orúkọ Wi-Fi ilé ti jáde, òfìfo. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní "Ṣó o ti bà á jẹ́ ni?" Mo ní "Rárá o Àǹtí, ẹ yá mi ní okùn tẹ́ ẹ fi ń cháàjì fóònù." Mo fi okùn yẹn so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo lọ sí settings fóònù mo tan USB tethering, láìpẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti dé. Lẹ́yìn tá a fi Mint sórí dísìkì tán, a tún so fóònù yẹn mọ́ ọn, mo ṣí Driver Manager, ó wá kiri fúngbà díẹ̀, ó gbé ìlà kan ṣoṣo jáde tí wọ́n kọ recommended sí, mo tẹ̀ ẹ́, mo ní kó ṣe é, a pa ẹ̀rọ a tún tàn án, Wi-Fi jáde, látìgbà yẹn kò lọ mọ́. Ẹ fi okùn fóònù yín sítòsí lọ́jọ́ náà.

Ṣé kẹ́ ẹ yọ Windows àbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ máa gbé?

Mint, Zorin àti Ubuntu lè bá Windows gbé lórí dísìkì kan, tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ á bi yín èwo lẹ fẹ́. Ó dáa fún ẹni tó ṣì ní ápù kan tí ò lè fi sílẹ̀. Àmọ́ ó ní wàhálà tiẹ̀. Dísìkì 128 GB máa há mọ́ àwọn méjèèjì. Tí BitLocker bá ti dísìkì Windows yín pa, ẹ rí i dájú pé recovery key wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó pín in. Ẹ pa Fast Startup nínú Windows, torí tó bá wà lórí, Windows kì í sùn tán, Linux á rí dísìkì yẹn àmọ́ kò ní lè kọ nǹkan sí i. Aago náà á máa ṣì nígbàkúgbà tẹ́ ẹ bá ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, Windows ń ka aago ẹ̀rọ bí aago ìlú, Linux ń kà á bíi UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé. Nínú Terminal Mint, ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ kọ timedatectl set-local-rtc 1, tó bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún mọ̀ pé lọ́jọ́ míì tẹ́ ẹ bá kọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sudo, inú Terminal ni páásíwọ́ọ̀dù yẹn ń lọ, kò sì ní sí àmì kankan tó máa hàn bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bó ṣe rí nìyẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tẹ Enter.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ yọ Windows pátá, ìyẹn ló rọrùn jù, èmi ni mo sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ò nílò ẹ̀. Ẹ kó Documents, Pictures, Downloads àti ohun tó wà lórí Desktop sórí háàdì dísìkì ọ̀tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lo OneDrive, ẹ wo àmì ẹ̀gbẹ́ fáìlì: èyí tó ní àmì ìkùukùu kò sí lórí ẹ̀rọ yín, ẹ gbé e wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó o. Ẹ gbé háàdì dísìkì yẹn lọ sórí kọ̀ǹpútà míì, ẹ ṣí fọ́tò mẹ́ta àti lẹ́tà méjì níbẹ̀, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé wọ́n ṣí. Ẹ tún fi Media Creation Tool ti Microsoft ṣe fíláàṣì Windows kan sílẹ̀ nígbà tí Windows ṣì wà. Ìwé àṣẹ Windows tó bá ẹ̀rọ wá sábà máa ń so mọ́ ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá lo Mint fún oṣù kan tí kò bá yín lára mu, fíláàṣì yẹn lẹ máa fi padà láì ra nǹkan kan.